Sàráà Àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà

Ilé Olórí Ọlọ́kọ̀,
Ẹ̀bútè Èjìnrìn,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Èrèlé, ọdún 2007.

Rodiat ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ láti etí ọ̀sà. Ṣé o jí ire? Ṣé ara le? Ibà kò gbé ọ dè bí? Bí o bá ń ka ìwé yìí lórí ìdúró, jọ̀wọ́ jókòó. Bí o bá sì ti jókòó, fẹ̀yìn tì, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, èmi gan-an tí mò ń kọ ọ́ kò sì mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Ẹni tó ń fi ibi wá ọ kò ní rí ọ, ẹni tó ń fi ire wá ọ kò ní ṣì ọ̀nà. Ọ̀nà tí o ń tọ̀ lójoojúmọ́ kò ní hu ẹ̀gún mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

O ó máa wò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ lo ra fóònù fún mi. Fóònù ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mò ń nù ún láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, mo máa ń pa á kí òun náà lè sinmi. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé etí ẹ̀bútè nìkan ló ti ń gbọ́ ohùn, níbi tí gbogbo àwọn tó ń ṣa ẹja yóò ti dákẹ́ bí mo bá ti ní hẹ́lò, tí Kúbúrá tí a jọ ń yan ẹja yóò sì máa bá mi dáhùn ohun tí èmi gan-an ò tíì gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orí omi ni ọ̀rọ̀ inú fóònù ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Ìkòròdú, mi ò sì mọ iye ọkọ̀ tí yóò pàdé lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ kankan gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, èmi ọmọ ilé ìwé àgbà, mo ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mujeeb àbúrò bàbá rẹ, tíṣà wa, ni yóò mú un wá fún ọ. Mo ti fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì ti ní kó ṣèlérí pé òun kò ní yọjú wo inú rẹ̀. Bí o bá rí àṣìkọ, tèmi ni. Bí o bá rí i pé wọ́n tún un kọ, Mujeeb ti já a wò nìyẹn.

Gbọ́ ìròyìn ilé ná. Gbogbo wa wà láàyè. Ewúrẹ́ funfun yẹn bí ìbejì, ọ̀kan ń tiro díẹ̀ ṣùgbọ́n òun ló yájú jù. Ẹja wọ́n. Àwọn olóṣèlú ti dé, wọ́n lẹ àwòrán ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ògiri ibi tí mo ti ń yan ẹja, wọn kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnì kan. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú báyìí, eyín nìkan ló kù. Mò ń kí i láràárọ̀ ṣá, torí mi ò mọ̀ bóyá òun ló máa wọlé.

Bí oṣù Èrèlé bá ti dé báyìí, ọkàn mi kì í gbé ojú kan, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún rẹ̀ ni bàbá rẹ papò dà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jẹ́ olórí àwọn ọlọ́kọ̀ níbí, mi ò rí i rí kí wọ́n fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ ọjà títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn yóò fi gúnlẹ̀. Ọbẹ̀ a tutù, màá gbóná rẹ̀, a tún tutù, wọn yóò ṣì wà nínú omi tó mù wọ́n dé orúnkún, wọn yóò máa wo ọ̀kánkán. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀ ní ẹ̀bútè yìí, pé a kì í bi ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní ohun tó rù kí a tó bi ẹni tó wà nínú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Ṣé o rántí ọjọ́ tí Kúbúrá sáré pàdé ọkọ̀ Àgbọ́wà kan, tí òun ń béèrè pé ẹ̀gẹ́ òun dà? Bàbá rẹ ní kó padà sẹ́yìn dé ìdí igi, kó tún rìn bọ̀, kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó sì ṣe é, níṣojú gbogbo ọjà. Títí di òní, bí mo bá ti oko dé, Kúbúrá a kọ́kọ́ béèrè ara mi kó tó na ọwọ́ sínú agbọ̀n mi.

Lọ́dún tó kọjá, o wá síbi ìrántí náà, ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí. Àfáà ṣe àdúrà, a pín oúnjẹ, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo ní kí o tètè máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú ọ, torí iṣẹ́ ọjọ́ kejì. O rẹ́rìn-ín, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ilé iṣẹ́ yín kò ní ṣí lọ́jọ́ Ajé, pé àwọn òyìnbó tó ni ín máa ń sinmi lọ́jọ́ náà láti fi rántí àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà tó ti kọjá. O sùn tì mí mọ́jú. Oorun yẹn dùn mọ́ mi, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí tọdún yìí wá ń bọ̀, tí Mujeeb sọ fún mi pé ọjọ́ kọkàndínlógún bọ́ sí ọjọ́ Ajé gan-an, inú mi dùn. Mo ní ọ̀ràn ti tán nìyẹn, bàbá rẹ àti àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà ti dìmọ̀ pọ̀ láti fún ọ láàyè. Àfi bí o ṣe pè mí tí o ní o kò ní lè wá, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní Rodiat, ṣebí ọjọ́ àwọn Ààrẹ yẹn náà ni. Ibẹ̀ ni fóònù ti já. Mo dúró sí etí omi títí, mo rò pé yóò tún padà so.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Mujeeb lọ, kó lè là mí lọ́yẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló tún pò ó pọ̀ fún mi. Ó ní òótọ́ ni, ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù Èrèlé ni wọ́n ń rántí àwọn tó ti jẹ Ààrẹ wọn, pàápàá jù lọ àwọn méjì kan, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ, àti ẹnì kan tó ga fíofío tó dá irùngbọ̀n sí. Mo ní ṣé ọjọ́ tí wọ́n kú nìyẹn. Ó ní rárá, oṣù tí wọ́n bí wọn ni. Mo ní a jẹ́ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ ti kú ju igba ọdún lọ. Rodiat, ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ẹni tó ti kú, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ń pè é lọ́jọ́ ìbí rẹ̀? Mujeeb ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ kejìlélógún ni wọ́n bí ẹni àkọ́kọ́, ọjọ́ kejìlá ni wọ́n bí onírùngbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ìrántí náà kúrò ní ọjọ́ tó wà tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ajé, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí àyè sinmi, kí wọ́n sì ráyè lọ kí àwọn ará ilé wọn. Mo bi í pé ta ló sọ fún òkú pé wọ́n gbé ọjọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní wọn kò sọ fún un. Mo ní ṣé kò bínú. Ó ní láti ìgbà náà kò tíì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Mo ní kí ni wọ́n wá ń sè lọ́jọ́ náà. Ó ní wọn kì í se nǹkan kan, pé Festus ọ̀rẹ́ òun tó ti gbé ọ̀hún rí sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń tà lọ́pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀dì àwọn olóògbé náà ni. Bó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń tà á tí kò tíì tán, àwọn Ààrẹ náà ní ìyàwó púpọ̀ nìyẹn. Mujeeb ní ẹ̀fọ́rí ń ṣe òun. Mo wá ní kó dáhùn ẹyọ kan ṣoṣo kó tó lọ, pé àwa ńkọ́, ṣé àwa kò ní olórí tó ti kọjá tí a lè máa fi ọjọ́ kan rántí ni. Ó ní a ní wọn rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú tiwa kò tíì gbà pé àwọn ti kọjá. Ìyẹn náà kò yé mi, mo kàn mi orí.

Nígbà tí mo dá wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé o kò parọ́ fún mi rí, kódà nígbà tí o fọ́ ìkòkò ọbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo wá pè mí wá wò ó. Ilé iṣẹ́ kò ní ṣí, ìwọ sì ní iṣẹ́ pọ̀. Báwo ni ohun méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́? Kúbúrá ní òun mọ̀ ọ́n, pé ọkùnrin lo ti rí, pé iṣẹ́ tó pọ̀ náà nìyẹn. Mo ní kó máa yan ẹja rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo ń fẹ́ iná lọ́wọ́ ni òye rẹ̀ yé mi. Ní ilé wa níbí, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ ń pọ̀ jù fún àwọn ọmọ ilé? Ṣebí ọjọ́ ìrántí òkú ni. A ó lọ ata, a ó fọ àwo, a ó tẹ́ ẹní fún àlejò. Mo ní iṣẹ́ tí ọmọ mi ń wí nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ń rántí àwọn bàbá rẹ̀, òun ló sì wà nídìí ìkòkò, kò kàn lè là á mọ́lẹ̀ fún mi lórí fóònù ni. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo dá Kúbúrá lóhùn pé ó rí i báyìí.

Bọ́rọ̀ bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ àṣà wa. Bí ọ̀gá ọmọ ẹni bá ń rántí òkú rẹ̀, a kì í fọwọ́ lẹ́rán kí a máa wò ó. Wọn yóò ní ọmọ yìí kò ní ẹni. Mo wá pinnu pé sàráà bàbá rẹ tí mo fẹ́ sè, màá kó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ bá ọ níbẹ̀, kí n bá ọ fọ àwo díẹ̀, kí n kí ọ̀gá rẹ kú ìrántí, kí n tó padà wá bá Àfáà. Àfáà ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ òkú kò ṣeé fi falẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́. Mo se ìkókorẹ́ àti ìrẹsì, mo rọ ọ́ sínú kúlà rẹ aláwọ̀ búlúù, mo di ẹja yíyan tó dára sínú paali. Fóònù, mo fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ Kúbúrá, kó lè bá ẹni nílé bí o bá pè.

Mo wọ mọ́tò dé Ẹ̀pẹ́, mo wọ òmíràn dé Ajáh, òmíràn gbé mi dé Fikitóríà, mò ń fi orúkọ àdúgbò náà béèrè títí mo fi rí ilé gíga tí o mú mi dé lọ́dún tí o ríṣẹ́, tí o nawọ́ sókè, tí o ní kí n wo fèrèsé yẹn, pé ibẹ̀ lo ń jókòó. Mo rò pé màá bá àtíbàbà lójú títì, màá bá màlúù méjì ó kéré tán, torí Ààrẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ olórí ọlọ́kọ̀. Mi ò bá nǹkan kan. Géètì wà ní títì. Mo gbójú sókè wo fèrèsé rẹ, òun náà wà ní títì. Máìgádì kan ṣoṣo ló jókòó tó ń gbọ́ rédíò, Oyèdèjì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìrágbìjí ni, ọmọlúwàbí èèyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó béèrè ẹni tí mo ń wá.

Mo ní ẹ kú ìrántí o, níbo ni kí n gbé oúnjẹ sí. Ó ní ìrántí ta ni. Mo ní ti àwọn Ààrẹ ni. Ó wò mí, ó wo kúlà, ó ní Màmá, kò sẹ́nì kankan níbi iṣẹ́ lónìí. Mo ní ta wá ni olórí ọ̀fọ̀ tó ń gba àlejò. Ó ní àwọn òyìnbó ti lọ sí etíkun láti àárọ̀, wọ́n lọ wẹ̀. Rodiat, mo fọwọ́ di àyà mú. Ọjọ́ ìrántí àwọn bàbá wọn ni wọ́n lọ ń fi omi ṣeré. Mo ní bóyá ẹ̀yìn ilé ni àwọn tó ń se oúnjẹ wà, pé ọmọ mi wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀ lónìí. Ó ní kí ni orúkọ ọmọ náà. Mo pe orúkọ rẹ, mo pe ti bàbá rẹ.

Oyèdèjì pa rédíò. Ó gbé àga rẹ̀ fún mi, ó ní kí n jókòó. Nígbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ fún mi ní àga kó tó fèsì, mo mọ̀ pé èsì náà wúwo. Ó ní Àǹtí Rodiat kò sí níbí mọ́, pé wọ́n ti dá òun àti àwọn mìíràn dúró kí ààwẹ̀ tó wọlé lọ́dún tó kọjá. Mo ní kì í ṣe Rodiat tèmi, pé Rodiat pọ̀ l'Ékòó. Ó ní èyí tó ní àpá lábẹ́ àgbọ̀n ni òun ń wí. Mo ní àpá náà pọ̀ l'Ékòó. Nígbà náà ló tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn paali tó wà lórí itan mi, ó ní òun mọ ẹja yìí. Ó ní bí o bá ti ti Èjìnrìn dé, o kì í gba ẹnu géètì kọjá láì fún òun ní ẹyọ kan, òun kò sì tíì jẹ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí o ti lọ. Mo gbà pé ìwọ ni. Èèyàn lè jọra, orúkọ lè jọra, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyan mi, èmi nìkan ló ni ín.

Mo sunkún díẹ̀. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Mò ń ro gbogbo ìgbà tí o ti ń pè mí láti ìgbà yẹn, tí mo ń bi ọ́ pé iṣẹ́ ńkọ́, tí o ń ní iṣẹ́ ń lọ, ìwọ nìkan lo sì ń dá gbé e. Oyèdèjì ní kí n má sunkún, pé Ìkòròdú ni òun náà ń gbé, òun sì máa ń rí ọ ní Sábó lábẹ́ agbòòrùn, tí o ń ta káàdì tí wọ́n ń họ sínú fóònù, pé ọjà rẹ ń yá, o sì ṣì máa ń béèrè ilé òun. Mo ní ṣé káàdì yẹn ni mo ń họ bí mo bá fẹ́ pè é. Ó ní òun gan-an ni. Mo rò ó pé bóyá láti ọwọ́ rẹ ni èyí tí mo fi ń pè ọ́ ti wá, tí o sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni wà lókè fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n tún sunkún.

Oúnjẹ sàráà tó bá ti jáde nílé kì í padà wọlé láì sí ẹni tó jẹ ẹ́, ìyẹn o mọ̀. Mo ṣí kúlà níbẹ̀, lẹ́nu géètì. Oyèdèjì jẹ, àwọn dẹ́rẹ́bà tó wà ní òdìkejì wá, obìnrin tó ń gbálẹ̀ títì wá, a pín in kárí. Wọ́n bi mí pé sàráà ta ni kí àwọn lè mọ ẹni tí àwọn máa ṣàdúrà fún. Mo rò ó, mo ní ti Ààrẹ Amẹ́ríkà méjì ni àti ti olórí àwọn ọlọ́kọ̀ Èjìnrìn. Wọ́n ṣe àmín fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà ní òun kò mọ̀ pé Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ará ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní kò ní, ọmọ mi ló bá àwọn èèyàn wọn da iṣẹ́ pọ̀. Inú mi bà jẹ́ fún àwọn òkú náà ṣá. Gbogbo ọlá wọn, ilé wọn tì pa, kò sí ẹni tó se ìrẹsì fún wọn, àfi èmi.

Àmọ́ ohun kan ò yé mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bí o bá mọ̀ ọ́n, là á fún mi. Ilé iṣẹ́ tó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ẹni tó ti lọ láti igba ọdún, tí wọn kò sì bá jẹun rí, báwo ni wọn kò ṣe lè rántí ẹni tó lọ lánàá, tó jókòó sójú fèrèsé wọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́? Mo bi Oyèdèjì. Ó ní Màmá, ẹ jẹ́ kí n fọ kúlà fún yín.

Lánàá, mo mú owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ inú ògiri bánkì ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí a ti gbà á. Mo fẹ́ dá a padà sọ́dọ̀ rẹ. Mo tì í sẹ́nu rẹ̀, kò gbà. Mo tún un tò, mo fi ìró nù ún, mo bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ mi ló ni ín, kò gbà. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn. Ẹni tó ń ṣọ́ bánkì ní Màmá, bíbì ni ẹ̀rọ yìí mọ̀, kò mọ gbígbé mì. Mo ti dì í mọ́ ara lẹ́tà yìí. Jẹun. Ra ọjà kún ọjà rẹ. Ta ló sọ fún ọ pé òwò ń tini lójú? Ẹja ni mo fi rán ọ lọ sí Yunifásítì, ó ń rùn, o sì gbà á.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Ajé, Àfáà ti jókòó lójú ẹní, ó ti wọ ẹ̀wù ńlá. Ó ní ó yá. Mo ní kò tíì yá. Mo ní a ti gbé ìrántí náà kúrò lónìí. Ó ní ta ló gbé e. Mo ní èmi ni, pé Amẹ́ríkà ti ń ṣe é tipẹ́, pé wọ́n gbé ọjọ́ òkú lọ síbi tó rọ àwọn alààyè lọ́rùn kí àwọn ọmọ lè ráyè wálé, òkú kò sì tíì ránṣẹ́ wá ṣẹjọ́. Ó bi mí bóyá Amẹ́ríkà ló ń pàṣẹ fún àwọn mùsùlùmí Èjìnrìn báyìí. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n kó rántí ọkọ mi. Ẹni tí kì í jẹun nílé yìí títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn yóò fi gúnlẹ̀, ṣé ó máa wá jẹ sàráà rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ Rodiat ṣì wà lójú omi? Àfáà wo ọ̀sà títí, ó bọ́ ẹ̀wù ńlá, ó ká a, ó ní kí n ránṣẹ́ pe òun lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá dé.

Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá dé ni ọjọ́ Ajé wa, bó bá ṣe Jímọ̀ ni o dé, ìrẹsì wà nílẹ̀. Má ra àgbò, má ra nǹkan kan. Mo mọ̀ pé nítorí àgbò náà ni o kò fi wá, pé àkọ́bí kì í wá síbi ìrántí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ohun tí àwọn èèyàn ń wí nìyẹn. Àwọn èèyàn náà kò gbé inú omi dúró de ẹnì kankan rí.

Kúbúrá ní kí n má parí láì béèrè owó, pé kò ní jọ lẹ́tà ìyá. Ó dára, mò ń béèrè. Owó tí mo fẹ́ ni owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Èjìnrìn, má fi rán ẹnikẹ́ni, fi wọ ọkọ̀ kí o sì jókòó sínú rẹ̀ fúnra rẹ. Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ibi tí wọ́n ti ní kí o dìde, Ọlọ́run yóò fi ìjókòó tó sàn jù ú rọ́pò fún ọ. Agbòòrùn rẹ kò ní ya mọ́ ọ lórí. Bàbá rẹ kò ní sùn nípa tìrẹ. Àmín.

Mo ti bá Kúbúrá sọ ọ́. Ó ní òun ti gbọ́, pé nígbà tí o bá ń bọ̀, ara rẹ ni òun máa kọ́kọ́ béèrè, ì báà jẹ́ pé o ru nǹkan kan tàbí o kò rù ú. Láti àárọ̀ ló ti ń tún un sọ lẹ́nu níbi tó ti ń yan ẹja, kó má baà ṣì í sọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùsílímátù, aya Olórí Ọlọ́kọ̀.